Ẹnu Odi Àìdágbére

Akínbọ̀dé dé etí yàrà Òkè-Ayùn pẹ̀lú ọkọ́ lórí èjìká, ó sì kí àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó tún kí wọn. Ọkùnrin kan tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ní ìka ẹsẹ̀ gbójú sókè, ó wo ẹni tí ó dúró lórí òkìtì amọ̀ pẹ̀lú pàṣán, ó sì yára dorí kodò. Èéfín ń rú ní ìhà àríwá, níbi tí Arógundádé, jagunjagun tí í dáná sun abà kí ó tó sun ìlú, ti ń bọ̀. Gbogbo Òkè-Ayùn ló mọ̀ pé bí odi kò bá pé kí ó tó dé, ẹrú ni tọmọdé tàgbà yóò dà. Síbẹ̀, odi náà kò ga ju orúnkún lọ, ọkọ́ sì ń lọ sókè-sódò bí ọwọ́ aláìsàn.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀, àfi fún ẹni tí ó fà á. Balógun Ògúnṣàkin, ẹkùn a-bú-ramúramù, tí kò sá fún ogun rí, ni wọ́n fi iṣẹ́ odi lé lọ́wọ́. Ó ṣàkíyèsí pé bí ẹnikẹ́ni bá kọjá tí ó kí àwọn agbẹ́lẹ̀, ọkọ́ a dúró, wọn a dáhùn, wọn a béèrè ilé, wọn a béèrè ọmọ. Ó ní ìkíni ni yóò pa ìlú, ó sì fòfin dè é. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti ń falẹ̀, nítorí ní ilẹ̀ wa, ẹni tí a kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí a kò kí, ọ̀tá ni a fi í ṣe. Nígbà tí àwọn àgbà wí fún un pé inú àwọn òṣìṣẹ́ kò dùn, ó ní ìyẹn kò le. Ó rán akéde jáde pé láràárọ̀, kí gbogbo ẹni tí ó bá wọ yàrà máa rẹ́rìn-ín, ó sì yan ọkùnrin kan tí yóò máa wo eyín wọn. Obìnrin kan tí ń ru omi wá sọ pé òun kò tíì rí ìlú tí wọ́n ti ń yẹ eyín ènìyàn wò bí ẹni fẹ́ ra ẹṣin.

Akínbọ̀dé, ọmọ ọ̀mọlé, a-mọ-odi-má-yẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rín ń yá lára. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ó jẹ orógbó. Ó gun òkìtì lọ bá Balógun, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ó jẹ́ kí òun bá wọn wọ yàrà.

“Rẹ́rìn-ín kí o tó wọ̀ ọ́,” ni Balógun wí.

“Baba, mi ò ní rẹ́rìn-ín. A kì í pa ẹ̀rín láṣẹ. Fúnra rẹ̀ ló máa ń wá, bí ilé bá gbà á. Ẹ kó àwọn ènìyàn yìí sínú ihò, ẹ dúró sókè, ẹ ní kí inú wọn dùn. Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn fún mi.”

Balógun ká pàṣán mọ́wọ́.

Akínbọ̀dé bẹ́ sínú yàrà. Pàṣán bà á léjìká bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì wẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bínú pé, “Oríkì wo ni ìyá rẹ fi ń kì ọ́?” Ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀ ní ìka ẹsẹ̀ yẹn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé Àdìgún ni.

“Àdìgún, o kú iṣẹ́.”

“Ọ̀ọ o,” ni Àdìgún wí, ó sì fi ọkọ́ ṣálẹ̀ tí ilẹ̀ fi dún. Kí Akínbọ̀dé tó dé àárín yàrà, wọ́n ti ń pe ara wọn kiri. Ẹnì kan ní, “Àyìnlá, ọkọ́ rẹ ń sinmi ju ìwọ alára lọ,” Àyìnlá sì dáhùn pé àna òun ni ọkọ́ náà fìwà jọ. Ẹ̀rín bú jáde. Ẹni tí ń wo eyín dúró, kò mọ ẹnu tí òun ì bá kọ́kọ́ wò.

Odi náà ga kọjá orí ẹlẹ́ṣin kí Arógundádé tó dé. Ẹnu odi ìhà àríwá nìkan ni wọn kò rí dí. Níbẹ̀ ni Akínbọ̀dé dúró sí pẹ̀lú ọkọ́, Àdìgún lápá ọ̀tún, Àyìnlá lápá òsì, wọ́n ń fi oríkì pe ara wọn bí ọfà ti ń rọ̀. Ta ni yóò sá níbi tí wọ́n ti ń pe oríkì rẹ̀? Arógundádé kó ìyókù ọmọ-ogun rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì padà wá mọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ènìyàn. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, àwọn ìjòyè jókòó lórí ẹní. Àwọn agbẹ́lẹ̀ dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ẹnikẹ́ni kò sì kí wọn. Balógun dìde, ó ní, “Ẹ kò rí i báyìí? Àṣẹ ẹ̀rín tí mo pa ló gba ìlú là.” Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Títí di òní, ẹni tí a bá fi ṣe olórí iṣẹ́ ní Òkè-Ayùn yóò kọ́kọ́ wọ inú iṣẹ́, yóò fi oríkì kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó pàṣẹ kankan. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi àṣà náà lélẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ̀, lẹ́yìn ìdúpẹ́ náà, láti fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́ títí Balógun fi sọ̀ kalẹ̀ wá kí wọn. Àìdágbére ni wọ́n ń pe ẹnu àríwá náà, nítorí ohun tí wọ́n fojú rí ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Ní ọjọ́ náà, Akínbọ̀dé, tí kì í kọjá lára ènìyàn láìkí, wo Balógun, ó wo àwọn àgbà, ó fọwọ́ nu ẹrẹ̀ èjìká rẹ̀ níbi tí pàṣán ti bà á. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó gba ẹnu odi jáde, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni.