Ọlọ́sìn Ẹja àti Ìgò Kejì

Ọkùnrin kan wà tó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, kò sì fi omi ẹja ṣeré rárá. Kí ó tó jẹun àárọ̀, á ti bu díẹ̀ sínú ìgò tóóró, á kán oògùn àyẹ̀wò sí i, á máa wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Bí àlejò bá ní, "Ṣebí omi yìí mọ́ gaara," á rẹ́rìn-ín.

"Ojú lásán ò rí ohun tó ń pa ẹja. Ìgbà tí wọ́n bá fi yọ ẹnu sókè láti mí, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́."

Ọkùnrin yìí kan náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó, á da oògùn ara ríro sẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, á tún fi àgbo lé e. Àrùn kíndìnrín ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ gbẹ́ adágún ẹja náà. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó lọ ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní ara òun le. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe gbé ìgò sókè sí oòrùn, ìyàwó rẹ̀ gbé ìgò mìíràn wá, òfìfo.

"Bàbá Fọlárìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ omi í yẹ̀ wò, ẹ bá wa tọ̀ sínú eléyìí."

"Ṣé ẹja ni mí ni?"

"Ó wù mí kẹ́ ẹ jẹ́ ẹja. Ẹja nìkan ló ń rí ìtọ́jú nínú ilé yìí."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló já lẹ́nu rẹ̀. Ó tún wo ìgò náà, ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ara ẹ̀gbọ́n náà le, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Ó wọ bàtà, ó jáde.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti fẹ́ máa jò, èròjà ara ti ń bá ìtọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè wá, Bàbá," ni dókítà wí. "A lè dá a dúró síbi tó dé."

Ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó sì jáwọ́ nínú oògùn ara ríro àti àgbo, torí wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọkùnrin náà kọrin délé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n se ẹja tó tóbi jù nínú adágún. Wọ́n ń bú u pé kò níyọ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ tegungun-tegungun.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ ìtàn yìí, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ń ru, bí o bá ní àtọ̀gbẹ, bí àrùn yìí bá ti mú ẹnì kan lọ nínú ẹbí rẹ, má ṣe dúró de ẹsẹ̀ wíwú. Kíndìnrín kì í pariwo. Lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí omi ṣì mọ́ lójú, kí ìwọ náà lè kọrin délé.