Ọ̀gá Tí Ó La Ojú Nínú Àdúrà

Ọkùnrin kan wà tí ó jogún ilé búrẹ́dì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ààrò amọ̀ ńlá ni wọ́n ń lò níbẹ̀, igi ni wọ́n sì fi ń dáná sí i. Kò sí ẹni tí kò mọ búrẹ́dì wọn ní ìlú náà. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn rẹ̀ kọjá láàárọ̀, ẹni tí ó ti jẹun yó á tún fẹ́ jẹun.

Onígbàgbọ́ ni bàbá rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó sì fi àṣà kan lélẹ̀. Bí wọ́n bá ti po ìyẹ̀fun tán láàárọ̀, tí wọ́n da aṣọ bò ó nínú ọpọ́n kí ó lè wú, ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ á dilẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá á pè wọ́n jọ. Wọ́n á kọ orin kan, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ṣe Àmín. Kí wọ́n tó padà dé ìdí ọpọ́n, ìyẹ̀fun á ti wú bó ṣe yẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á tò ó sínú páànù. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà á rò pé Ọlọ́run àti ìyẹ̀fun ló jọ ṣàdéhùn.

Nígbà tí ọmọ gba iṣẹ́, kò yẹ àṣà náà. Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré. Ọdún kan dé tí fúláwà gbówó lórí, ṣúgà tẹ̀lé e, epo ọkọ̀ tí ń gbé búrẹ́dì kiri náà wọ́n bí ojú. Àwọn ilé búrẹ́dì mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé. Ẹ̀rù ba ọkùnrin yìí gidigidi, nítorí àwọn tí ń wo ọwọ́ rẹ̀ jẹun kò kéré, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Àdúrà ni ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, àdúrà náà ló sì dì mú. Ó fi orin kún orin, ó fi ìwàásù kún un, ó tún fi àdúrà ìdè àti ìtúsílẹ̀ lé e. Láyé bàbá rẹ̀, àdúrà kì í pẹ́ ju kí ènìyàn mu ẹ̀kọ gbígbóná tán lọ. Ní báyìí, oòrùn á ti gun òrùlé kí wọ́n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí ọpọ́n, ó sì ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá la ojú nínú àdúrà, ilẹ̀kùn ló ń ṣí fún ọ̀tá.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan á kan, á wó láàárín bí òrùlé tí ikán jẹ. Lọ́jọ́ mìíràn á dára bí ti ayé bàbá. Ọ̀rọ̀ náà ṣe é ní kàyéfì. Ó pààrọ̀ fúláwà, búrẹ́dì kan. Ó pààrọ̀ ìwúkàrà, ó tún kan. Ó ní kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ ọpọ́n, ó tọ́ omi kànga wò fúnra rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọjọ́ tó ń kan àti ọjọ́ tí kì í kan, ibẹ̀ ni ó ti rí ohun àràmàǹdà kan: gbogbo ọjọ́ tí òun bá rìnrìn àjò lọ ra fúláwà, búrẹ́dì a máa dára.

Ẹlòmíràn ì bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kò bi ara rẹ̀. Ó ní ẹnì kan wà nínú ilé náà tí kò fẹ́ rere òun, tó jẹ́ pé ìgbà tí òun bá wà nílé ló ń ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀ kí ojú lè ti òun. Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olórí àwọn tí ń po ìyẹ̀fun. Bàbá àgbàlagbà ni, òun ló ń darí àdúrà bí ọ̀gá kò bá sí nílé. Nígbà kan rí, bàbá yìí ti rọra sún mọ́ ọn, ó ní bóyá kí àwọn dín àdúrà kù díẹ̀. Ọ̀gá gba ọ̀rọ̀ náà sí ìbínú, ó ní èṣù ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bàbá gbẹ́nu dákẹ́.

Ilé ìwé kan wà tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀, ibẹ̀ ló ń ra búrẹ́dì wọn jù. Nígbà tó yá, obìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ níbẹ̀ dá búrẹ́dì padà. Ó ránṣẹ́ pé bí ti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ bá tún kan, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé òmíràn wá. Ọ̀gá mọ̀ pé láìsí ilé ìwé yìí, iná máa kú nínú ààrò bàbá òun. Ó pinnu pé bí àdúrà Ajé náà bá ti parí, òun á lé bàbá àgbàlagbà yẹn lọ.

Ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó dé láàárọ̀ Ajé. Wọ́n kúnlẹ̀. Àdúrà kan ṣoṣo ló gbà, ó sì ń tún un gbà: "Olúwa, fi ọ̀tá ilé yìí hàn mí." Wọ́n ń ṣe Àmín, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé Àmín náà ń rọlẹ̀. Ó fẹ́ mọ ẹni tí kò ṣe é. Bí ó ṣe ṣe ohun tí ó kọ̀ fún gbogbo wọn nìyẹn. Ó la ojú.

Ojú gbogbo wọn ló là sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wò ó, kò sì sí ẹni tó ń wòkè. Ibì kan náà ni gbogbo wọn tẹjú mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń rá lọ sídìí iná. Ọ̀gá yíjú padà. Ìyẹ̀fun ti gbé aṣọ kúrò lórí, ó ti wú kọjá ẹnu ọpọ́n, ó ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀.

Ó tún wo bàbá àgbàlagbà. Omi lé ròrò sójú bàbá. Ìgbà náà ló yé e pé àdúrà gígùn òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun wú jù títí á fi kan, ojú sì tì í. Ó ti ní kí Ọlọ́run fi ọ̀tá ilé náà han òun, Ọlọ́run sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá náà ló kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Ó dìde, ó ní, "Ẹ lọ gé e."

Wọn kò mira. Bàbá ní, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì ṣe Àmín."

"Ẹ jẹ́ ká máa gé e lọ, Bàbá. Àmín á bá wa níbẹ̀."

Òun náà ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bá wọn gé e. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kò gbé e lọ sílé ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ, ó sọ fún obìnrin náà pé búrẹ́dì òní kò ṣeé jẹ, ó sì sọ ohun tí òun fi ṣe é. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kí ó gbé ti ọ̀la wá, òun á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Nígbà tó padà dé, ó bi bàbá léèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun. Bàbá ní, "Mo sọ ọ́, Ọ̀gá. Ẹ ní èṣù ló ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀." Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Fúláwà kò dínwó lọ́jọ́ kejì o. Kò dínwó fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì kò kan mọ́, ilé ìwé sì ń rà á. Àdúrà padà sí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Bí ó bá ní púpọ̀ láti bá Ọlọ́run sọ, á tètè jí, á sọ ọ́ nínú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn Àmín, á bi àwọn òṣìṣẹ́ pé kí ni wọ́n rí, kì í sì í bínú sí ìdáhùn.

Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ ń mì, tí o wá bá mi pé kí n bá ọ gbàdúrà, màá bá ọ gbà á. Má ṣì mí gbọ́ o, n kò sọ pé àdúrà rẹ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Olúwa tó ní kí á máa gbàdúrà ló ní kí á máa ṣọ́nà, ọ̀rọ̀ kan náà ni, o kò lè gba ìdajì kí o fi ìdajì sílẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ ọ̀gá bá le koko ni òtítọ́ máa ń bẹ̀rù láti wọ yàrá rẹ̀, pàápàá bí ọ̀gá bá fi orúkọ Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn. O ti sọ orúkọ ẹni tí o fẹ́ lé lọ fún mi. Mo gbọ́. Lọ sílé iṣẹ́ rẹ lọ́la, kí o kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ. Kí o tó ṣe Àmín, la ojú rẹ, kí o wo ibi tí wọ́n ń wò.