Sájẹ́ńtì àti Ọmọ Rẹ̀ Tó Ní Òun Ò Lọ

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tó o sọ nípa ọmọ rẹ. Má tíì gbéra. Jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ṣe àkàwé fún ẹ.

Ọkùnrin yìí ń gbé ní Òkèhò. Ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, ó sì ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Sájẹ́ńtì ni tọmọdé tàgbà ṣì ń pè é. Ó ti jagun. Ìtàn tó máa ń sọ nípa ogun náà kò ju ti ìrìn àjò lọ, ti oúnjẹ inú agolo, ti ọ̀gá kan tó ń bẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tú ká.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ní, Adéyanjú, ẹni tó ti dàgbà tó láti gbé ìyàwó. Ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní kékeré ni bàbá rẹ̀ ti pinnu pé ológun ni yóò ṣe. Ó ń jí i ní ìdájí láti sáré. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró ṣánṣán àti bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Ọmọ náà ń sáré. Kò sọ pé òun fẹ́, kò sọ pé òun kọ̀. Bàbá rẹ̀ gbà pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà.

Nígbà tí wọ́n ń gba àwọn ológun tuntun, bàbá ló mú un lọ. Ó yege. Sájẹ́ńtì lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ ọ́ fún wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, àwọn ará àdúgbò kóra jọ síwájú ilé láti sìn ín. Pásítọ̀ ti gbàdúrà. Wọ́n ti gbé àpótí ọmọ náà síta, dírẹ́bà sì ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀. Adéyanjú jáde wá, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí epo ti bà jẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ti la ẹnu láti súre fún un nígbà tí ọmọ sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò lọ."

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ò gbọ́ dáadáa ni. Ó wo dírẹ́bà, ó wo Pásítọ̀, ó rí i pé kò sí ẹni tó ń bá òun rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"O ní kí ni?"

"Mo ní mi ò lọ, sà. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká wọlé, màá sọ ìdí rẹ̀ fún yín."

"Kí la fẹ́ wọlé ṣe? Níwájú àwọn èèyàn yìí lo ti dójú tì mí, níwájú wọn náà ni wàá ti sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà ẹ́, àbí?"

Ọmọ náà dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lára.

"Ojo! Ojo lásánlàsàn! Ṣé èmi náà ni mo bí ẹ?"

Ọmọ náà wolẹ̀. Obìnrin kan láàárín èrò pòṣé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Adéyanjú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n pè é lójo ní gbangba, ní àdúgbò tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, kò sì sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló tún bí bàbá rẹ̀ nínú. Ó na ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ìyàwó Sájẹ́ńtì, obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò gbóhùn rẹ̀ níta rí, di ọwọ́ náà mú lókè níbẹ̀.

"Bàbá Adéyanjú," ló wí, "ẹ wọlé."

Kò di ọwọ́ rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi tẹ̀ lé e.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Adéyanjú ò bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ìbéèrè ló bi bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ta ni Áúdù?"

Ká ní o rí ọkùnrin náà nígbà yẹn! Ẹni tó ti dúró níwájú ìbọn rí, orúkọ kan ṣoṣo ló gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti dé láti ojú ogun. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó, kò sọ ọ́ fún Pásítọ̀.

"Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Lẹ́nu yín ni, sà. Ẹ máa ń pè é lójú oorun. Ẹ máa ń ní, 'Áúdù, má sùn! Áúdù, má sùn, wọ́n ń bọ̀!' Lẹ́yìn náà, ẹ ó wá máa sunkún. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mi ò tíì gbọ́n, mo rò pé èmi lẹ ń sọ fún pé kí n má sùn. Mi ò sì ní sùn."

Sájẹ́ńtì yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ń retí kó sọ pé irọ́ ni. Obìnrin náà ò sọ pé irọ́ ni.

"Látìgbà tí ẹ ti dé ni," ló wí. "Ẹ ti fún mi lọ́rùn rí, ẹ ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pè yín tí mo bá fẹ́ jí yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ọmọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín rí."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀rín lẹ máa ń rín. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní lè rín in mọ́."

 Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ó gbà pé òun ti gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ogun pa mọ́ sínú òun nìkan. Àṣé gbogbo ilé ló ń bá a gbé e.

Adéyanjú lóṣòó tì í.

"Bàbá, ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n padà wálé, kí n bímọ, kí ọmọ mi máa gbọ́ ohùn mi bí mo ṣe ń gbọ́ tiyín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn níta yẹn. Kí wọ́n pè mí lójo sàn jù."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló wó ọkùnrin náà. Ọmọ tó pè ní ojo ló fi ara rẹ̀ bo àṣírí òun níwájú èrò.

Ó sunkún lójú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wọn ẹni tí Áúdù jẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, tí ìbọn bà níkùn, tí òun sì gbé orí rẹ̀ lé itan òun nínú kòtò títí ó fi kú. Kò tíì sọ ọ́ tán tí dírẹ́bà fi ń fun fèrè níta.

Sájẹ́ńtì dìde, ó nu ojú, ó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ máa lọ sílé," ló sọ fún àwọn èèyàn náà. "Ọmọ mi ò lọ. Èmi ni mo sọ ohun tí kò yẹ sí i."

Àwọn kan kùn. Ó fúnra rẹ̀ gbé àpótí náà padà wọlé.

Má rò pé igbe náà dáwọ́ dúró o. Ó ṣì ń ké lójú oorun. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti jí, ìyàwó rẹ̀ á sọ ohun tó wí fún un, òun náà á sì sọ ìyókù.

Ìwọ náà wá bá mi lónìí pẹ̀lú ìbínú. O ní o bá ọmọ rẹ wá iṣẹ́ ológun, ó kọ̀ ọ́, ó sì ba orúkọ rẹ jẹ́. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tó fi kọ̀, o ní ojo ni. O ti sọ ọ́ lórúkọ, àmọ́ o ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún mi, torí pé o ò tíì bi í. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ tìrẹ rí bíi ti Sájẹ́ńtì. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ rẹ. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, padà sílé. Dá àwọn ẹbí tó o ní wàá kó jọ láti bá a wí dúró. Pe ọmọ rẹ wọ yàrá, kó o ti ilẹ̀kùn, kó o bi í. Tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, dákẹ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán, kódà tó bá jẹ́ pé ìwọ gan-an ni ìdí náà.