Ẹni Tó Wòran Lẹ́yìn Aṣọ

“Ẹni tó wòran lẹ́yìn aṣọ, kó má dájọ́ ọwọ́ òsì.” Kò sí ọmọ Òkè-Ọ̀pẹ tí kò mọ òwe yìí. Wọ́n ń pa á lójú oko, wọ́n ń pa á nílé ẹjọ́, àwọn ọmọdé pàápàá ń fi í la ara wọn níjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Aṣọ wo ni? Ọwọ́ òsì ta sì ni? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò gùn.

Nígbà tí sinimá ṣì máa ń fi ọkọ̀ wá bá àwọn èèyàn nílùú, aṣọ funfun kan ni wọ́n ń ta sáàárín òpó gólù ní pápá ilé-ìwé. Ẹni tó bá tètè dé á tẹ́ ẹní síwájú aṣọ. Ẹni tó bá pẹ́ á bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, nítorí aṣọ náà fẹ́lẹ́, àwòrán sì ń hàn ní ìhà méjèèjì. Kò sẹ́ni tó rò pé ìyàtọ̀ kankan wà níbẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n sáà ń wò látẹ̀yìnwá; ta ni yóò ka ọwọ́ tí òyìnbó fi jẹun sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn?

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, ọmọ Òkè-Ọ̀pẹ kan wà nínú sinimá tí wọ́n gbé wá. Adéyanjú ni, ọmọ Bàbá Yanjú oníkòkó, tó ti bá ẹgbẹ́ eléré lọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Oko ni bàbá rẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ó tó wẹ̀, kí ó tó wọ aṣọ tó dáa, iwájú ti kún. Ó lọ jókòó sẹ́yìn, inú rẹ̀ sì ń dùn, títí di ìgbà tí bàbá arúgbó inú eré náà dùbúlẹ̀ àìsàn, tó ṣí fìlà rẹ̀, tó nà án sí ọmọ rẹ̀. Adéyanjú ni ọmọ ọ̀hún. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ òsì, ó gba fìlà lọ́wọ́ bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ká a mọ́ ìbàdí, bí ẹni pé bàbá náà kò tó ẹni tí à ń na ọ̀tún sí.

Bàbá Yanjú kò dúró kí eré náà parí.

Ohun tó gbé e kúrò níbẹ̀ kì í ṣe ìtìjú nìkan. Alòsì, ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì, ni wọ́n bí Adéyanjú. Moróhunfólú, ìyá rẹ̀, ló fi sùúrù tún ọwọ́ náà kọ́. Láràárọ̀, kí ó tó gbé abọ́ ẹ̀kọ lé ọmọ lọ́wọ́, yóò bi í pé, “Òsì dà?” Ọmọ á ní, “Ó wà lẹ́yìn, Màámi.” “Ọ̀tún dà?” “Òun nìyí.” Ìgbà náà ni abọ́ tó ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Moróhunfólú ti lọ. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan, Adéyanjú sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá sí ibojì ìyá òun. Lójú bàbá, ọmọ náà ti sin ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lójú gbogbo ìlú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ Lámídì télọ̀ lọ, ẹni tó máa ń bá àwọn àgbà kọ lẹ́tà.

“Kọ ọ́ pé kó má wá,” ni ó wí. “Kọ ọ́ pé ọwọ́ yẹn kò gbọdọ̀ kan ibojì ìyá rẹ̀.”

Lámídì bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Lámídì bá kọ lẹ́tà náà. Ọkọ̀ tí yóò mú lẹ́tà náà lọ sí Ìbàdàn ni wọ́n ń dúró dè, nígbà tí Rábíù tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ àti Sítù onídìrí wọlé. Àwọn méjèèjì yìí, bí wọ́n bá wo sinimá lánàá, wọn kì í lè ṣiṣẹ́ lónìí àfi tí wọ́n bá sọ ọ́ tán.

“Ẹ kú oríire o, Bàbá!” ni Rábíù wí. “Nígbà tí ọmọ yín gba fìlà yẹn, omi bọ́ lójú mi.”

“Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni,” ni Sítù dá a lóhùn. “Ìwọ tí o sùn títí wọ́n fi jagun tán!”

“Mo dijú ni, n kò sùn.”

“Ìhanrun yẹn ńkọ́? Ojú ló ń hanrun?”

Bàbá Yanjú rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó gbójú sílẹ̀. Lámídì rí i, ó sì yára yí ọ̀rọ̀ padà.

“Èmi ò mọ ti eré o. Télọ̀ tó ránṣọ fún wọn ló bà mí nínú jẹ́. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin inú sinimá yẹn, apá òsì ni wọ́n rán bọ́tìnnì sí, bíi ti obìnrin! Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò ṣe é re.”

“Irọ́ ni,” ni Rábíù wí. “Iwájú pátápátá ni mo wà. Bọ́tìnnì wọn kò yàtọ̀ sí tèmi yìí.”

“Rábíù, ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní bọ́tìnnì?”

“Ṣé ìwọ náà lo fẹ́ kọ́ mi ní ojú ara mi?”

“Ẹ dákẹ́ ná,” ni Sítù wí. “Lámídì, níbo lo jókòó sí?”

“Ẹ̀yìn. Èmi àti Bàbá.”

Bí Lámídì ti wí báyìí ni ó fò dìde. Ó fa aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan yọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ aró ya ọkùnrin kan sí i, pẹ̀lú ojú, imú, bọ́tìnnì, àti ọwọ́ kan tó nà jáde. Ó ta á sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ń gbà wọlé.

“Bàbá, ọwọ́ wo ló nà?”

“Ọ̀tún.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sóde, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn.”

Bàbá jáde. Ó súnmọ́ aṣọ náà, ó wò ó. “Òsì ni,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

Fèrè ọkọ̀ Ìbàdàn dún. Lámídì wo lẹ́tà tó wà lórí maṣíìnì. Bàbá Yanjú wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

“Jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ. Ojú mi ló ṣì mí lọ́nà, òun náà ni yóò mú mi padà.”

Àwọn onísinimá yóò tún fi eré náà hàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí Bàbá Yanjú ti tẹ́ ẹní síwájú aṣọ, òun nìkan àti àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko ní pápá. Nígbà tí eré dé ibi fìlà, Adéyanjú kúnlẹ̀. Ó na ọ̀tún. Òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ká a mọ́ ìbàdí gan-an bí ó ti ń ṣe nígbà tó ń dúró de ẹ̀kọ.

“Òsì dà?” ni bàbá wí jẹ́jẹ́. Òun náà ló sì dá ara rẹ̀ lóhùn: “Ó wà lẹ́yìn, Màámi.”

Ní Sátidé, Adéyanjú dé. Kí wọ́n tó lọ síbi ibojì, bàbá bu ẹ̀kọ fún un nínú abọ́ ìyá rẹ̀. Ojú ọmọ ni ó ń wò nígbà tó gbé e fún un. Kò wo ọwọ́ tí ó fi gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Òkè-Ọ̀pẹ ti ń sọ pé ẹni tó wòran lẹ́yìn aṣọ, kó má dájọ́ ọwọ́ òsì. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀ràn, tí kò purọ́, ṣùgbọ́n tí kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òun dúró sí wò ó. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má jiyàn. Ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, kí ẹ sì yí lọ síwájú.