Ọkọ Tí Wọ́n Kọ Sílẹ̀ ní Bùrọ̀dá

A kì í pe ọkọ ní bùrọ̀dá níwájú akọ̀wé. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, bóyá ẹ tilẹ̀ ti fi bá ẹnìkan wí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ẹni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ra òwe náà fún wa?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò bí ẹni ń tú aago. Lẹ́nu Òyìnbó, bùrọ̀dá kò ju ọkùnrin tí ìyá kan náà tàbí bàbá kan náà bí pẹ̀lú ẹni. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, a tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi bùbá tó fún ni. Ẹ̀gbọ́n di bùrọ̀dá, ará àdúgbò tó jù wá lọ di bùrọ̀dá, ọkọ náà sì di bùrọ̀dá, nítorí pé ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ kì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí. Nílé wa, ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ibi tó ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Olóyèdé ni ọkọ, Ayọ̀ká ni ìyàwó. Iṣẹ́ lílà gẹdú ni Olóyèdé ń ṣe ní òkè Ọya. Ẹni méjì ní í fa ayùn gígùn náà: ọ̀kan á dúró lórí igi, èkejì á wà nínú kòtò nísàlẹ̀. Olóyèdé ni ará ìsàlẹ̀. Ó ti lo ọdún méjì nínú igbó náà kí Ayọ̀ká tó wá bá a. Oṣù keje tó dé ni igi yẹ̀ lórí ọ̀pá tí wọ́n gbé e lé, tó já lu ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Wọ́n fi ewé dì í fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn, ibà sì ti mú Olóyèdé débi pé ayùn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó pákó ló gbé òun àti Ayọ̀ká dé ọsibítù kan láàárọ̀.

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò gbọ́ Yorùbá. Àmọ́ Ayọ̀ká ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà fún oṣù mẹ́ta kó tó kúrò nílé, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yangàn. Nígbà tí akọ̀wé béèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ sí i, inú rẹ̀ dùn pé ìbéèrè náà yé òun. Ó dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara pé, “Bùrọ̀dá mi ni.” Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé.

Dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó fi gègé fa ìlà sí ojúgun níbi tí dúdú dé. Ó ní ikú ló ń gòkè bọ̀ yẹn. Bí òun bá tètè gé e nísàlẹ̀ orúnkún, aláìsàn yóò yè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a bá gé kò ṣeé dá padà, òfin ọsibítù náà sì ni pé bí aláìsàn kò bá lè sọ̀rọ̀, tó sì ní ìyàwó, ìyàwó ni yóò tẹ̀ka kí ọ̀bẹ tó kàn án.

“Ṣé bùrọ̀dá rẹ ní ìyàwó?” ni akọ̀wé bi Ayọ̀ká.

“Ó ní.”

“Ìyàwó rẹ̀ ni yóò tẹ̀ka. A ó rán kẹ̀kẹ́ lọ mú un wá ní ibùdó yín. Jókòó.”

Ayọ̀ká jókòó. Ìyàwó wo? Ọdún méjì tí ọkùnrin fi nìkan gbé inú igbó! Ìtìjú kò jẹ́ kó lè béèrè. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà láti rí irú obìnrin tí yóò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nínú yàrá, dúdú ti kọjá ìlà. Dókítà fa òmíràn. Oòrùn kúrò lára ògiri, ó bọ́ sí àgbàlá. Dókítà fa ìkẹta.

Ìyá Sáláwù, àgbàlagbà ará Ìlọrin tó ń fọ aṣọ egbò níbẹ̀, ń gbé garawa kọjá.

“Ọmọ mi, ta lò ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Orogún mi ni, mà.”

“Orogún? Nínú ọsibítù?”

“Wọ́n ní ìyàwó bùrọ̀dá mi ń bọ̀ wá tẹ̀ka kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ wọn. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi fọ egbò yẹn, wọn ò kà mí sí. Kó máa bọ̀. Á bá mi ńbí.”

Ìyá náà gbé garawa kalẹ̀. “Bùrọ̀dá wo? Ọkọ rẹ ni àbí ọmọ ìyá rẹ?”

“Ọkọ mi ni o! Àbí kí n máa pe orúkọ mọ́ wọn lórí ni?”

“Yéè! O ti fẹ́ pa á! Ọmọ ìyá ẹni ni bùrọ̀dá lẹ́nu tiwọn! Ìwọ gan-an ni ìyàwó tí wọ́n ń wá. Dìde!”

Ayọ̀ká sáré wọlé. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù nínú Gẹ̀ẹ́sì oṣù mẹ́ta, òun ló sì ń ké: ọkọ, ọkọ, ọkọ mi! Akọ̀wé wo ìwé, ó wo Ayọ̀ká. “O ní bùrọ̀dá rẹ ni.” Àfìgbà tí Ìyá Sáláwù fi èdè Hausa là á yé e kó tó fa igi lé ohun tó kọ. Ayọ̀ká ti àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́.

Ìlà kẹta ti dé orúnkún. Òkè rẹ̀ ni dókítà gé e. Ẹni tó ní orúnkún lè wọ ẹsẹ̀ igi, kó sì tún sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ayùn. Ẹni tí kò ní in kò lè ṣe é.

Olóyèdé yè. Nígbà tó lajú, ó fọwọ́ wá ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, wọ́n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ayọ̀ká bú sẹ́kún.

“Bùrọ̀dá, ẹ dárí jì mí.”

“Ọkọ ni kó o wí,” ni Olóyèdé dáhùn. “Akọ̀wé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Ibẹ̀ la ti ń pa á lówe pé a kì í pe ọkọ ní bùrọ̀dá níwájú akọ̀wé. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ síbi tí wọn yóò ti kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó ní òun fún aládùúgbò nílẹ̀, tó sì jẹ́ pé ó yá a ni; ẹni tó ń pe ọmọ àbúrò rẹ̀ ní ọmọ bíbí inú òun. Wọn kò sọ pé ọ̀rọ̀ ilé burú. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kó o tó lanu, kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ létí ẹni tó mú gègé lọ́wọ́.