Ìdí Tí Èèrà Fi Ń Forí Kanrí Lójú Ọ̀nà

Nígbà láéláé, ní ọdún tí ọ̀dá mú gbogbo igbó, Àparò ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ọkà bàbà tó fẹ́ fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni olè kó lọ.

Láyé ìgbà náà, èèrà ló ń bá àwọn ẹranko tọ́jú ọkà. Ilé èèrà pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí olè bá ja ilé kan, ilé náà á panu mọ́, kí àwọn oníbàárà má baà sá.

Ilé Abíọ́nà ni Àparò gbé ọkà tirẹ̀ sí. Nígbà tó wá gbà á, Abíọ́nà, ìyá ilé náà, wo àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ lé e.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wọn. Olè ti kó o. Mi ò ní parọ́ fún yín."

Ara àwọn ọmọ ilé rẹ̀ bù máṣọ. "Ìyá, ẹ ti bà wá jẹ́. Ta ni yóò tún gbé ọkà wá?"

"Ẹ̀yin náà, ṣé orúkọ rere lọmọ ń jẹ yó?"

Abíọ́nà ti rí olè náà nígbà tó ń sá lọ. Aláǹtakùn ni. Ó fi òkú èèrà para kó lè máa rùn bí èèrà, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ iwájú méjì sókè bí ìwo orí wọn. Ẹ̀ṣọ́ á gbóòórùn rẹ̀, á sì ní kó wọlé.

Abíọ́nà gba ilé Ṣówándé lọ, èèrà tí wọ́n jọ ń du oníbàárà.

Ṣówándé rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí olè jà ló wá kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọ́lé."

"Rẹ́rìn-ín tán, kí o wá forí kan tèmi. Ìwo èèrà máa ń gbọ̀n. Tolè náà le bí igi."

Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń forí kan gbogbo ẹni tó ń jáde. Kò pẹ́, ìwo kan le. Ọkà sì wà lẹ́yìn ẹni tó ni ìwo náà. Aláǹtakùn ni, wọ́n sì mú un.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ṣówándé. "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí ti ń jà wá lólè tipẹ́. A ò lè sọ ni."

Wọ́n ránṣẹ́ sí ilé èèrà gbogbo. Ilé kọ̀ọ̀kan bu ọkà díẹ̀ fún Àparò, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹun.

Láti ọjọ́ náà ni èèrà kì í ti í pàdé èèrà lọ́nà láì forí kanrí. Ohun tó ṣe ọ̀kan, gbogbo wọn á gbọ́. Wọ́n kéré, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tó gbọ́n tó wọn.

Nígbà tí àwọn ọmọ Àparò jẹun tán lọ́jọ́ náà, Abíọ́nà àti Àparò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ààfin Erin, ọba igbó. Ọ̀bọ, agbẹnusọ ọba, ò tilẹ̀ dìde.

"Aláǹtakùn yẹn kẹ̀? A ti mọ̀ ọ́n látìgbà tó ti wọ àká ọba, kí ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààfin ni, kì í jáde."

Àparò wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kọjú sí Erin fúnra rẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ mọ olè, ẹ sì jẹ́ kó wọlé tọ̀ wá. Ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ máa sọ ọ́ fún wa."

Etí Erin fẹ̀ ju ti gbogbo ẹranko lọ. Eṣinṣin ló ń fi wọ́n lé.