Iṣu Ni Tàbí Àgbàdo?

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi já ṣẹ̀ẹ̀, ó bọ́ sóko, ó bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbi tó ti ń fi ẹnu kan jẹun nílé méjì.

Òjò àkọ́rọ̀ ló rọ̀. Oko kan ṣoṣo sì ni àwọn ẹranko ní. Erin ní, "Iṣu la máa gbìn." Ọ̀bọ ní, "Rárá, àgbàdo ni!" Ọ̀rọ̀ tí ìbá tán nípàdé, Ìjàpá gbọ́ ọ, ó ti rí oúnjẹ níbẹ̀.

Ó gbọ̀nà ilé Erin. "Bàbá, Ọ̀bọ ní iṣu yín kò yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ yín!"

Inú bí Erin. Ó ní kí wọ́n gúnyán fún ọ̀rẹ́ òtítọ́. Ìjàpá jẹ, ó nu ẹnu, ó di ilé Ọ̀bọ. "Ẹ̀gbọ́n, Erin ní irùngbọ̀n àgbàdo yín pọ̀ ju ọmọ inú rẹ̀ lọ!"

Ọ̀bọ fò sókè. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú àlejò.

Bí ìlú ṣe pín sí méjì nìyẹn. Oníṣu kì í kí alágbàdo mọ́. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ṣófo, Ìjàpá ń sanra.

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ni kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ìjàpá dá a dúró. "Ìyá, ẹ̀yìn ta lẹ wà? Ẹni tí kì í bá ṣe oníṣu, alágbàdo ni!"

"Ẹ̀yìn àwọn ọmọ mi ni mo wà. Ebi ń pa wọ́n."

Ó kọ ebè, ó gbin iṣu, ó sọ àgbàdo sáàárín rẹ̀. Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sẹ́yìn.

Nígbà tó yá, òórùn àgbàdo sísun gba gbogbo igbó. Erin dé. Ọ̀bọ náà dé. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ fún wọn jẹ. "Ẹ máa jẹ èyí ná. Kó tó tán, iṣu á ti ta."

Erin wo ìtàkùn iṣu tó ń gun igi àgbàdo. Ó ní, "Ọ̀bọ, ṣé èyí lo ní ó jọ ẹsẹ̀ mi?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ń bú irùngbọ̀n àgbàdo mi!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìjàpá ni!"

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìjàpá ló ń bọ̀ yìí, ó ń pọ́nu lá.

"Ìjàpá, ẹ̀yìn ta lo wà?"

Ó wo Erin. Ó wo Ọ̀bọ. "Mo… mo wà lẹ́yìn…" Ló bá fa orí wọ inú ìkarahun. Ó ké láti inú lọ́hùn-ún pé, "Ìjàpá kò sí nílé o!"

Erin fi ọwọ́jà gbé e sáàárín ebè, ó ní kó máa tu koríko.

Ìdí nìyí tí Ìjàpá fi ń fa orí wọlé bó bá ti gbóhùn ènìyàn, tí àgbẹ̀ sì ń gbin àgbàdo sáàárín iṣu.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi má dún bí mo bá fọwọ́ gbá a.

Pó, pó, pó!

Ó dún àbí kò dún?

Ó dún!